Bẹ́ńṣì Etí Omi: Ohun Tí Mo Rí Nípa Àwọn Tó Ń Ta Ilẹ̀ àti Àwa Tí À Ń Da Òróró Sí I

Ẹ̀yin ará, mo kí yín lórúkọ Olúwa. Ẹni tó wà nídìí dùùrù, jọ̀ọ́, gbọ́wọ́ sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí mo dìde láti sọ lónìí kì í ṣe ẹ̀rí oníjó, ẹ má sì bá mi pariwo halelúyà títí màá fi sọ ọ́ tán.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Màmá Olóróró lẹ ń pè mí nítorí ìgò òróró tí kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ra ilẹ̀ nínú ìjọ yìí tí kò mú mi lọ síbẹ̀. A ó wọ aṣọ àdúrà wa, a ó yí ilẹ̀ náà ká, a ó kọrin títí ohùn á fi há, màá da òróró sí gbogbo igun rẹ̀, a ó ní, "Olúwa, a ti gbà á," a ó pín bisikíìtì jẹ, a ó sì wọ mọ́tò padà sílé. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ má wojú ara yín, gbogbo wa la jọ ń ṣe é.

Ẹ sì mọ àbúrò mi, Ṣadé, ìyá Tolú, òun ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ṣadé, nu ojú rẹ, ó ti tó. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, Ọlọ́run ló mọ ìdí. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ọkùnrin yẹn fi ń wá oúnjẹ fún wọn nìkan ló fi sílẹ̀. Ṣadé ta ọkọ̀ náà kí ó lè fi ra ilẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n há mọ́, tí onílé ń bú wọn láàárọ̀, tó ń bú wọn lálẹ́. Kò ní òmíràn nílé, kò ní lóko. Bí owó ọkọ̀ yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀, ó parí nìyẹn.

Alàgbà Múyìwá, tó máa ń bá àwọn ará wa wá ilẹ̀, ló mú un lọ wo ilẹ̀ kan níbi tí títì ọlọ́dà parí sí. Èmi náà bá wọn lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó gbẹ, wọ́n ti sun koríko rẹ̀, ó dára lójú. Alàgbà ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ilẹ̀ ìbùkún ni." Ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣadé wá rọra béèrè bóyá kí òun mú lọ́yà kan wá, kó bá òun yẹ ìdí ilẹ̀ náà wò. Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Tolú, àwa ọmọ Ọlọ́run náà ló tún máa mú lọ́yà wá sáàárín ara wa?" Ojú ti Ṣadé. Ojú ti èmi gan-an, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ pé kó dákẹ́, kó má fi àìgbàgbọ́ ba ohun rere jẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ yìí, Alàgbà ránṣẹ́ pé ẹlòmíràn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ náà o, pé tí Ṣadé ò bá tètè ṣe é, òun ò ní lè dá wọn dúró mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi fi ìsanwó sí àná, ọjọ́ Sátidé. Ṣadé á san án, èmi á da òróró, ó tán.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo gbààwẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Mo wá sí ilé àdúrà tó wà lẹ́yìn ìjọ lọ́sàn-án gangan, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà títí eékún mi fi kú. Mo wá gbé ìgò òróró mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí ẹní. Mi ò tíì dijú tán, mo ṣì ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbálẹ̀ lóde, nígbà tí mo rí ẹnìkan tó dúró níbi ẹsẹ̀ mi.

Aṣọ rẹ̀ funfun débi pé tiwa jọ àkísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di okùn gígùn kan mú, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Kò kí mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dìde, mú ìgò rẹ dání."

Mo ní, "Olúwa mi, níbo là ń lọ?"

Ó ní, "Ibi tí òróró rẹ ń ṣàn dé."

Ará, a jáde. A kò rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ igbe. A dé pápá gbalasa kan tí kò ní igi, tí kò ní ewé, tí ooru ń rú sókè láti ilẹ̀, mo sì rí òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké káàkiri, irú èyí tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ láti fi pààlà. Mo rò pé ilẹ̀ ni wọ́n rì í sí. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn, yéè! Èjìká èèyàn ni! Èèyàn ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, òpó wọ̀ wọ́n léjìká lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń fi ẹnu wọn ti òpó náà, wọ́n ń tì í, wọ́n ń tì í, bí ó bá sì ti sún díẹ̀, á tún wọ̀ wọ́n lára sí i.

Amọ̀nà mi ní, "Àwọn tó ń sún ààlà nìyẹn. Wọ́n ń jí ẹsẹ̀ bàtà kan lára ilẹ̀ aládùúgbò, wọ́n ní kékeré ni."

Lẹ́yìn wọn ni mo ti rí ọkùnrin kan tó nà gbalaja. Ọkùnrin arẹwà ni, ọwọ́ rẹ̀ kún fún òrùka. Àwọn èèyàn dúró lé e lórí pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí àyà rẹ̀, ọ̀kan ń gbẹ́ yàrá, èkejì ń gbẹ́ palọ̀, ẹ̀kẹta ń pariwo pé ilẹ̀ òun ni, ẹ kúrò lórí ilẹ̀ òun, wọ́n ń ja ìjà lórí rẹ̀, ọkọ́ ń bọ́ sí i lójú, ó ń ké pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dúró, ẹyọ ọ̀kan péré, kò sì sẹ́ni tó fetí sí i! Mo dijú. Amọ̀nà mi ní, "La ojú rẹ. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń tà fún gbogbo wọn." Mo bi í bóyá àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ náà ti kú. Ó ní rárá o, ìbínú wọn nìkan ló wà níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ṣì ń lọ sí kóòtù láyé.

A rí bàbá àgbà kan tó jókòó lórí àpótí. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń jó, ìka yẹn nìkan ni iná wà, gbogbo ìyókù ara rẹ̀ tutù. Àwọn èèyàn tó jọ ọ́ lójú yí i ká, wọ́n kẹ́yìn sí i. Ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Amọ̀nà mi ní, "Olórí ẹbí ni. Ilẹ̀ àjùmọ̀ní ni, àwọn ọmọ ìyàwó kejì náà ní ìpín. Òun nìkan tẹ̀ka, ó tà á, ẹni tó rà á kò sì béèrè pé àwọn yòókù ńkọ́." Bàbá náà gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, èmi kúkú ni àgbà." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n iná yẹn kò dẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ jókòó dáadáa, ó kan yín. Mo rí ilé kan tó ga, tó mọ́, tí kò ní ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ń yí i po, ó ń fọwọ́ pa ògiri rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa gbà wọlé. Obìnrin kan ló pọn omi tí wọ́n fi po búlọ́ọ̀kù ilé yẹn, ìyàwó rẹ̀ ni, ó pọn ọ́n pẹ̀lú oyún nínú. Nígbà tí ilé parí, ọkùnrin náà kọ orúkọ àlè rẹ̀ sínú ìwé ilé. Ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ nínú, ó gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Kò lè wọlé láéláé. Mo sọ fún yín, nínú gbogbo ohun tí mo rí, iná kò sí lára ti eléyìí rárá, síbẹ̀ òun ló ké jù.

Ẹ̀yin onílé náà, ẹ má yọ̀. Mo rí onílé kan nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ẹ̀yinná ló sì ń kán sílẹ̀ dípò òjò. Ó ń sá láti igun dé igun. Ohùn kan wà lóde tó ń sọ fún un ní pẹ̀lẹ́tù pé, "Ẹ ní sùúrù, a máa tún un ṣe tẹ́ ẹ bá san ti ọdún tó ń bọ̀." Nígbà tí mo tẹ́tí sí ohùn yẹn, ohùn òun fúnra rẹ̀ ni.

Ibi tí a ti ń lọ ni òórùn kan ti gbá mi nímú. Mo mọ òórùn náà. Ará, ẹ mọ̀ pé mo máa ń da lọ́fínńdà díẹ̀ sínú òróró mi, kí òórùn rẹ̀ lè dùn. Òórùn yẹn gan-an ni! Mo wolẹ̀, mo rí gọ́tà kan tí òróró ń ṣàn nínú rẹ̀, ó ń ṣàn, ó ń ṣàn, kò lọ síbì kankan, ó kàn ń rọ́ sínú iyanrìn.

Mo ní, "Olúwa mi, òróró ta nìyí?"

Ó wo ìgò ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀ ń dà á sórí ilẹ̀ tí ẹ kò béèrè ẹni tó ni ín. A kò lè lò ó, a kò sì lè dá a padà."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n a gbàdúrà. A gba ààwẹ̀."

Ó ní, "Ẹ̀ ń bi Ọlọ́run ní ohun tí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà lè sọ fún yín."

Háà! Mo di ìgò mi mú, mo tẹ̀lé e.

Gọ́tà yẹn ló mú wa dé etí omi. Omi dúdú ni, ó lọ jìnnà, mi ò rí òdìkejì rẹ̀. Orí èèyàn ló kún ojú omi náà, omi dé wọn létè. Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn tó ń pe oníbàárà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń sọ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni, kò sí omi níbẹ̀ rí, ẹ tètè wá rà á kó tó wọ́n, ẹlòmíràn ti ń bẹ̀ mí, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀! Bí wọ́n bá ti ní "gbígbẹ," omi á wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n á húkọ́, ojú wọn á yọ síta, wọ́n á tún jáde, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọn ò lè dákẹ́. Mo pariwo sí wọn pé, "Ẹ dákẹ́! Ẹ sáà dákẹ́, ẹ ó yè!" Wọn ò gbọ́ mi. Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ tán.

Nígbà náà ni mo rí bẹ́ńṣì kan létí omi náà, irú bẹ́ńṣì ìjọ tí ẹ jókòó lé yìí. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi nǹkan gba àyè síbẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe nígbà ìkórè. Fìlà kan wà lápá ọ̀tún, mi ò tíì fẹ́ sọ irú fìlà tó jẹ́. Ìborùn funfun kan wà lápá òsì.

Mo bi amọ̀nà mi pé, "Àwọn wo ló ni ibí?"

Ó ní, "Wọ́n ṣì ń lọ sí ìsìn."

Mo tẹ̀ síwájú. Mo gbé ìborùn náà. Ará, létí rẹ̀ ni ibi tí iná áyọ́ọ̀nù ti jó o wà, tí mo fi òwú rán pọ̀. Ìborùn mi ni! Èyí tó wà lórí mi báyìí! Mo wólẹ̀, mo di ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mú, mo ní, "Olúwa mi, èmi kò ta ilẹ̀ o! Èmi kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni! Òróró ni mo dà, òróró nìkan!"

Ó ní, "Wọ́n rí òróró rẹ, wọn ò béèrè mọ́."

Ó fà mí dìde, kò fi ìbínú ṣe é. A gun òkè kékeré kan, ooru náà sì dáwọ́ dúró.

Ará, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọ̀run, nítorí díẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí n rí. Kò sí ilé alájà tí a máa ń kọrin nípa rẹ̀ níbi tí mo dé. Àwọn ilé kéékèèké ni, fèrèsé wọn ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni lórí. Mo rí àwọn ọmọ bàbá kan ṣoṣo, ọmọ ìyàálé àti ọmọ ìyàwó, lórí ẹní kan, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó jẹ́ ajẹ́ńtì láyé. Ó sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ má rà á, ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ yìí," ebi sì pa á lóṣù náà. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú oorun, ó ń sùn fọnfọn.

Mo rí obìnrin kan tó fi agbòòrùn lélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Amọ̀nà mi ní, "Eléyìí ń wo ilẹ̀ nígbà òjò. Ó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn, ó fi igi wọn jíjìn omi. Ó bi aládùúgbò, ó bi àwọn ẹbí tó tà á, ó mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ó mú ẹni tó máa bá a wọn ilẹ̀ wá fúnra rẹ̀, kò lo ti ẹni tó fẹ́ tà á. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ ní kò nígbàgbọ́." Obìnrin náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ní mo ń dán Ọlọ́run wò. Mo sáà kọ́lé mi, yàrá kan tẹ̀lé yàrá kan, mo sì sùn nínú rẹ̀ láìfi ọkàn sókè."

Ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀lé tirẹ̀ ni mo ti rí bàbá Tolú.

Ṣadé, rọra. Ẹ bá mi dì í mú. Ọkọ rẹ ni mo rí. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó máa ń wọ̀ tó bá ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ara rẹ̀ le, kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Mo fẹ́ sáré dì mọ́ ọn. Kò rẹ́rìn-ín sí mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ da òróró lọ́la."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o."

Ó ní, "Ta lẹ bi?"

Mo ní, "A bi Ọlọ́run."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ta lẹ tún bi? Ta ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀? Ẹbí wo ló ni ín, ṣé gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i? Ìgbà wo lẹ lọ wò ó?"

Mo ní, "Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń jẹun. Inú rẹ̀ ni mo ti ń sùn lójú títì, kí Ṣadé lè rí nǹkan se. Inú rẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi pè mí pé ó ti bí Tolú, mo sì dá ọkọ̀ dúró, mo sunkún. Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wa ọkọ̀ mi sínú omi."

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo la ẹnu, ariwo kan sọ lókè orí mi, mo ta jí.

Òjò ni. Òjò ń rọ̀ sórí páànù ilé àdúrà bí ẹni pé wọ́n ń da òkúta sí i. Ìgò òróró mi ti dojú dé, gbogbo rẹ̀ ti dànù sórí ẹní. Mi ò dúró nu ún. Mi ò já ààwẹ̀. Mo wọ inú òjò lọ bá Ṣadé níbi tó ti ń dín àkàrà, mo ní, "Pa iná yẹn, ká lọ wo ilẹ̀." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nínú òjò yìí? Ṣé kò sí nǹkan o?" Mo ní kó má bi mí léèrè, kó mú agbòòrùn.

Ọlọ́kadà já wa sílẹ̀ níbi tí ọ̀dà parí sí, ó ní òun ò lọ síwájú. A fẹsẹ̀ rìn. Ará, nígbà tí a débẹ̀, mo ń wá ilẹ̀ náà, mi ò rí i. Omi ni mo rí. Òpó ààlà tí Alàgbà fi hàn wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Pépéyẹ ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tí Ṣadé ní òun máa kọ́ ilé ìdáná sí. Ṣadé gbé ọwọ́ sí àyà, ó ń wò ó.

Ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé pèpéle rẹ̀ sókè. Gbogbo ìgbà tí a lọ síbẹ̀ la máa ń rí ilé yẹn, a kò kí wọn rí. Mo kanlẹ̀kùn. Ìyá arúgbó kan tó wé gèlè Mùsùlùmí ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, òjò á pa yín!" Ìyá Sùlíà ni wọ́n ń pè é. Kó tó gbọ́ ohun tí a bá wá, ó ti fún wa láṣọ nura.

Mo wá bi í nípa ilẹ̀ náà. Ó wo aṣọ àdúrà mi, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìkà kọ́. Ó ní, "Ilẹ̀ yẹn? Ẹ̀yin aláṣọ funfun ti wá gbàdúrà síbẹ̀ rí. Ẹ kọrin, ẹ da òróró, èmi náà ń ṣe àmín lójú fèrèsé. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà nígbà yẹn kọ́lé dé fèrèsé kí omi tó wó o. Ìyàwó rẹ̀ sunkún lórí pèpéle mi níbí."

Ṣadé ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn, màmá?"

Ó ní, "Ọmọ mi, tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń bínú oríire wọn. Wọn ò sì bi mí. Látìgbà tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn."

Ó mú wa wọ yàrá, ó gbé kọ́tìnnì kúrò, ó fi ibi tí omi dé hàn wá lára ògiri. Ó ga ju ìdí mi lọ. Ó tún tọ́ka sí yàrá kejì. Ohun tó sọ nípa yàrá yẹn ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ẹ̀yin ará, ìkìlọ̀ tí wọ́n fi rán mi rèé. Ẹ má san nǹkan lórí ilẹ̀ tí ẹ kò tíì wò nínú òjò. Ẹ kanlẹ̀kùn ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn ọ̀run. Ẹ wá gbogbo ẹ̀ka ẹbí tó ni ín rí lójúkojú, ẹ mú ìwé lọ síbi tí wọ́n ti lè sọ fún yín bóyá ìjọba ti gbà á. Ẹni tó bá ń lé yín ní eré pé kẹ́ ẹ tètè san án, ẹ jẹ́ kó máa sáré lọ. Ẹni tó bá sì fi orúkọ Ọlọ́run dí yín lẹ́nu kí ẹ má béèrè, ẹ sá fún un. Èmi kò ní da òróró sórí ilẹ̀ kankan mọ́ títí a ó fi béèrè tán. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ gba orúkọ Màmá Olóróró lọ́wọ́ mi. Owó Ṣadé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run ṣeun.

Alàgbà Múyìwá, mo rí yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Mi ò dìde láti dójú tì yín o, Ọlọ́run gbọ́. Ìgbà tí mo ń ṣàìsàn, ẹ̀yin lẹ gbé mi lọ sí ọsibítù, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n Ìyá Sùlíà ní kí n kí yín. Ó ní ẹ gbé yàrá kejì yẹn rí. Ó ní lọ́dún tí omi wọlé, òun àti ẹ̀yin lẹ jọ gbé bẹ́ẹ̀dì yín sórí tábìlì, tí ẹ dúró sórí àga títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀ ń sunkún. Ó ní ẹ kò dágbére fún òun kí ẹ tó kó lọ. Alàgbà, ẹ mọ omi yẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ má bẹ orí yín wálẹ̀, ẹ gbọ́ èyí tó kù. Kí n tó kúrò létí omi, mo mú ìborùn mi kúrò lórí bẹ́ńṣì yẹn, amọ̀nà mi kò sì dá mi dúró. Fìlà àrán aláwọ̀ ewé ló kù síbẹ̀, irú èyí tẹ́ ẹ gbé lé itan yẹn gan-an. Kò tíì sẹ́ni tó jókòó. Alàgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ mú un.